Ẹni Tó Lọ Pọnmi Yóò Padà: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Kétu

Ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní agbo ilé kan tí kò jìnnà sí ọjà. Ó dá lórí bí ẹni tí inú ń bí ṣe lè yẹra díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè rọ̀, kí ó sì padà sórí ọ̀rọ̀. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá àwọn onílé mọ̀, àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn sì gbà pé kí n kọ ọ́. Màmá ni n ó máa pe èyí àgbà, opó tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ìyàwó ni n ó máa pe aya ọmọ rẹ̀, tí ó ti bímọ mẹ́ta sínú ilé náà. Ọkọ Ìyàwó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Kútọnu, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni ó sì ń wálé. Àwọn obìnrin méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe gàrí ní ahéré kan lẹ́yìnkùlé: Màmá ni ó ni oko ẹ̀gẹ́ àti agbada, Ìyàwó ni ó ni apá tí ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ tí ìjà bẹ́ sílẹ̀, iná wà lábẹ́ agbada, Ìyàwó ń yan gàrí, Màmá sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń jọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún gbẹ. Ìyàwó ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn obìnrin kan ní àdúgbò, 10,000 sẹ́fà ni ó sì yẹ kí ó dá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ka owó ọwọ́ rẹ̀, kò pé. Ìgbà náà ni ó tó mọ̀ pé Màmá ti wọn òṣùwọ̀n gàrí mẹ́fà fún ọmọ àbúrò rẹ̀ ní àwìn láìsọ fún òun. Ó bèèrè, ohùn rẹ̀ kò sì rọ̀ bí ó ti yẹ. Màmá bi í pé oko ta ni wọ́n ti hú ẹ̀gẹ́ náà, ta ni ó sì ra agbada. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ fi gàrí sílẹ̀, ó di ti aṣọ tí ẹnì kan kò rà nígbà ìkómọjáde ọmọ kejì, ó di ti àwọn ará ilé Ìyàwó tí wọn kò wá síbi òkú, irú àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ìbínú máa ń hú jáde láti abẹ́ ilẹ̀.

Lójijì, Ìyàwó ju àfọ́kù igbá tí ó fi ń yan gàrí sílẹ̀, ó kọjá lára Màmá, ó sì jáde nílé láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Alẹ́ ni ó tó padà. Gàrí inú agbada ti di dúdú, nítorí Màmá kò fọwọ́ kàn án: ó jókòó tì í, ó ń wò ó bí ó ṣe ń jóná. Nígbà tí mo débẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá, wọ́n ti pín ààrò sí méjì, àwọn ọmọ ni wọ́n sì ń bá wọn jíṣẹ́ láàárín ara wọn. Ọkọ ti bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì ti jágbe mọ́ àwọn méjèèjì. Bàbá tí ó jẹ́ olórí agbo ilé, àbúrò olóògbé ọkọ Màmá, ni ó ránṣẹ́ pè mí, nítorí ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn ìdílé làjà ní agbègbè yìí.

Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti lu ẹnì kejì rí, àti bóyá ẹ̀rù ń ba ẹnikẹ́ni láti sùn nínú ilé náà. Níbi tí lílù bá wà, a kì í kọ́ni bí a ṣe ń yẹra kí ara lè rọ̀. Ààbò ni a kọ́kọ́ ń wá, òfin tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2012 lórí ìwà ipá sí àwọn obìnrin sì ní ọ̀nà tirẹ̀ fún irú ẹ̀. Kò sí lílù níbí. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni, ṣùgbọ́n ó mú.

Ìyàwó sọ fún mi pé òun kò jáde láti fi àbùkù kan Màmá. Ó ní àyà òun ń lù kìkìkì, etí òun ń hó, ọwọ́ òun ń gbọ̀n débi pé igbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú iná. "Bí mo bá dúró, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tí n kò ní lè kó mọ́ tí mo bá ti dà á sílẹ̀." Lójú tirẹ̀, jíjáde yẹn ni ìwà ọmọlúàbí tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí náà.

Màmá ní tirẹ̀ kò sọ̀rọ̀ gàrí rárá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó ń tún sọ: "Mo ń sọ̀rọ̀, ó kẹ̀yìn sí mi." Nígbà tí a ti jókòó pẹ́, tí mo sì ti gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà méjì, ó sọ fún mi nípa olóògbé ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í lu èèyàn, kì í sì í bú èèyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti bínú, yóò gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di ọjọ́ kẹta tàbí ọjọ́ kẹrin, kò sì ní sọ ibi tí ó ń lọ. Màmá yóò máa gbọ́ kẹ̀kẹ́ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lóru. Mo rò pé níbẹ̀ ni mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀: ohun tí Ìyàwó ń ṣe láti dáàbò bo ilé náà ni Màmá ń gbà bí ẹni pé wọ́n tún ti fi òun sílẹ̀.

Nígbà tí a jókòó pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ara ni mo fi bẹ̀rẹ̀, n kò fi ẹ̀bi bẹ̀rẹ̀. Bí inú bá ń bí wa, ara kò mọ̀ bóyá ìyá ọkọ ni ó dúró síwájú wa tàbí ejò. Yóò da omi ìsúnnásí tí à ń pè ní ádrẹ́nálínì sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn yóò máa sáré, èémí yóò máa yára, etí kò sì ní gba ọ̀rọ̀ wọlé dáadáa mọ́. John Gottman àti Robert Levenson, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti so ẹ̀rọ mọ́ ara àwọn tọkọtaya tí wọ́n ń jiyàn, wọ́n sì ń ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Gottman sọ pé bí lílù ọkàn bá ti kọjá 100 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹni náà kò lè gbọ́ ẹnì kejì yé mọ́, ó sì tó 20 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, kí ara tó rọlẹ̀. Nígbà kan wọ́n dá àwọn tọkọtaya dúró láàárín iyàn, wọ́n díbọ́n pé àwọn fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ka ìwé ìròyìn fún nǹkan bí ìdajì wákàtí láìmẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n padà sórí iyàn, ọkàn wọn ti rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì ti dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo mọ̀ pé ìtàn Amẹ́ríkà kì í wọ èèyàn létí tó ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Mo di ọrùn ọwọ́ Ìyàwó mú kí ó tó sọ̀rọ̀, mo wo aago fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá, mo ka 38, ìyẹn 76 ní ìṣẹ́jú kan. Mo ní kí ó sọ bí ìjà ọjọ́ náà ṣe rí. Ó sọ ọ́ dé ibi tí wọ́n ti bi í pé ta ni ó ra agbada, mo tún kà á: 54, ìyẹn 108. Ẹni tí ó kàn jókòó lórí àga tí ó ń ròyìn ni o! Màmá fi ìka tirẹ̀ wá ibi tí ọkàn ti ń lù ní ọwọ́ aya ọmọ rẹ̀, ó rí i, ó sì wò mí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń gba oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kò sì ṣàjèjì sí i kí ènìyàn máa ka nǹkan lára òun. Ohun tí ó ṣàjèjì sí i ni pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe ọmọdé náà.

Inú mi dùn nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, ó sì yẹ kí n ti fura sí inú dídùn náà.

Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi, mo ti sọ fún wọn pé kí ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná wí pé, "Ẹ jẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ yìí dúró ná, a ó padà sí i," kí ó yẹra fún 20 ìṣẹ́jú, kí ó sì padà. Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyàwó lò ó. Màmá dìde, ó lọ bá Bàbá nínú ilé: "Ẹ wá gbọ́ o, Ìyàwó ti ń pàṣẹ fún mi, ó ní kí n dákẹ́ ná." Òótọ́ sì ni. Níbo ni a ti ń gbọ́ ọ pé aya ọmọ dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu ìyá ọkọ? Ibi tí àwọn méjì ti ń jókòó lórí àga tó dọ́gba ni gbólóhùn mi ti wá. Mo ti yí i sí Yorùbá, ṣùgbọ́n n kò tọ́ ọ wò lórí ahọ́n ẹni tí yóò sọ ọ́.

Àṣìṣe kejì ń bẹ nínú 20 ìṣẹ́jú náà fúnra rẹ̀. Ìyàwó wọ yàrá, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Àjàṣẹ́, ó sì rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀gbọ́n ń sọ pé "Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀?" ní gbogbo ibi tí ó ti yẹ. Nígbà tí ó jáde, ó mú ọ̀rọ̀ àtijọ́ mẹ́ta mìíràn lọ́wọ́. Ó ti yẹra, ṣùgbọ́n ìjà náà tẹ̀ lé e wọ yàrá. Ní ọdún 2002, Brad Bushman, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá mìíràn ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí ó ti mú inú bí 600 akẹ́kọ̀ọ́, tí ó ní kí àwọn kan máa lu àpò ẹ̀ṣẹ́ kí wọ́n sì máa ro ẹni tí ó bí wọn nínú, kí àwọn mìíràn sì kàn jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn tí wọ́n ń lu àpò tí wọ́n sì ń ro ẹni náà ni inú wọn ru jù. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ìjà sétí fóònù kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń lu àpò.

Bàbá ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà, kì í ṣe èmi. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí ìjà, ó sì ní ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Kétu, a kì í bá àwọn ìyá fa ọ̀rọ̀ nígbà tí inú bá ń bí wọn, ńṣe ni a ń tù wọ́n; nítorí náà, kí Màmá fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí aya ọmọ lè sọ tí yóò fi dìde níwájú òun tí kò ní jẹ́ àfojúdi. Màmá dákẹ́ pẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò ra etí ìró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Bí ó bá ní òun fẹ́ lọ pọnmi, n kò lè ní kí ó má lọ."

Mo ti bá ọ̀pọ̀ ìdílé jókòó, n kò sì tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó péye tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ìyá ọkọ tí yóò bínú sí aya ọmọ nítorí pé ó lọ pọnmi. Ẹni tó lọ pọnmi yóò padà, nítorí kò sí ẹni tí ń gbé garawa omi sá kúrò nílé. Ìlérí ìpadàbọ̀ tí olóògbé kò ṣe rí ti wà nínú gbólóhùn náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ẹ̀rọ omi àdúgbò sì jìnnà díẹ̀: a ó lọ, a ó tò, a ó pọn, a ó rù ú bọ̀, ìyẹn ti tó 20 ìṣẹ́jú, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ru omi kò lè fi ọwọ́ di fóònù mọ́ etí. Ohun tí mo ti gbìyànjú láti fi òfin kọ́ wọn ti wà nínú iṣẹ́ ilé kan ṣoṣo.

A fi díẹ̀ kún un. Màmá náà gba ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí ara tirẹ̀ náà máa ń gbóná: yóò ní òun fẹ́ lọ wo ewúrẹ́ òun. Ẹni tí ó bá kù nílé kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ẹni tí ó lọ, kò sì gbọ́dọ̀ parí gbólóhùn rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹni tí ó lọ ni yóò kọ́kọ́ padà sórí ọ̀rọ̀, kí wọ́n tó jẹun alẹ́. Bí ara kò bá tíì rọ̀, yóò sọ bẹ́ẹ̀, yóò sì dá àkókò mìíràn tí kò ní kọjá ọjọ́ kejì. Màmá fún Ìyàwó ní àyè náà níṣojú Bàbá àti níṣojú mi, kò sì lè sọ pé òun kò mọ̀ nígbà tí ọjọ́ bá dé.

Ọjọ́ náà dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ibi agbada náà ni ó sì tún ti dé. Èmi kò sí níbẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe sọ ọ́ fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ń kọ. Oníbàárà kan ti dá gàrí padà pé kò kúnná, Màmá sì ní ọwọ́ Ìyàwó ni kò tán mọ́ iṣẹ́. Ìyàwó gbọ́ tí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ lọ pọnmi." Gàrí wà lórí iná, ó ti ń gbẹ bọ̀, ó sì kù díẹ̀ kí ó jóná bí ti ọjọ́sí. Màmá na ọwọ́, ó gba àfọ́kù igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sí ipò rẹ̀.

Ó sọ fún mi pé ọdún mẹ́rin ni òun kò ti yan gàrí. A máa ń tẹ gàrí mọ́ ara agbada, a ó fà á wá sọ́dọ̀ ara wa, a ó dà á nù sẹ́yìn, a ó tún tẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ bá yá jù, yóò di kókó, bí ọwọ́ bá falẹ̀ jù, yóò jó. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ oníbàárà náà kúrò lọ́kàn òun. Kò sí ẹni tí ó ti kọ́ ọ bí a ṣe ń mí díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ náà ni ó bá a ṣe é. Nígbà tí Ìyàwó sọ garawa kalẹ̀, Màmá béèrè bóyá èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ìyàwó ní wọ́n pọ̀. Wọ́n yan ìyókù tán kí ọ̀rọ̀ oníbàárà tó tún jáde, ajọ̀ ni wọ́n sì rí pé ó ti lu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó lè sọ̀rọ̀ àwìn, èyí tí ó ti dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Yíyẹra kò yanjú rẹ̀ fún wọn, ó kàn jẹ́ kí wọ́n lè jókòó tì í ni. Wọ́n gbà pé kí ẹnikẹ́ni má wọn gàrí ní àwìn láìfi ẹfun fa ìlà sára ògiri ahéré, kí ẹni kejì lè rí i.

Àwọn nǹkan méjì ṣì bàjẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọkọ wálé fún ọdún, ó rí i tí ìyàwó rẹ̀ gbé garawa láàárín ọ̀rọ̀ òun àti rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e títí dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó ń bi í níwájú èrò pé kí ló ń sá fún. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti jókòó pẹ̀lú gbogbo ilé, mo sì gbàgbé ẹni tí kì í sábàá sí nílé. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ọkọ padà sí Kútọnu ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìtìjú, orí fóònù ni mo sì ti ṣàlàyé fún un.

Èkejì ṣòro láti rí. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í lo omi láti sá fún ọ̀rọ̀ kan tí kò fẹ́ gbọ́, ìyẹn bóyá ọmọ rẹ̀ àgbà yóò lọ gbé pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀ láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ń lọ, ó ń padà, kò sì padà sórí ọ̀rọ̀. N kò rí i nínú àbẹ̀wò méjì, nítorí ilé tòrò, mo sì ka títòrò náà sí àṣeyọrí. Màmá ni ó pè é: "Gbogbo àmù ilé yìí ti kún, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì ṣí." Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ máa béèrè nípa ìpadàbọ̀ ju bí ẹ ṣe ń béèrè nípa lílọ. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ìjà kò sí mọ́, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ nígbà tí garawa kanlẹ̀.

N kò ní gbé gbólóhùn omi lọ sí ilé mìíràn bí ẹni gbé oògùn. Láti ìgbà náà, mo ti bá orogún méjì jókòó tí omi kò bá lára mu, nítorí orí omi gan-an ni ìjà wọn wà. Ohun tí mo ń gbé lọ ni ìbéèrè Bàbá: kí ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ, ní ọjọ́ tí ara tutù, ọ̀rọ̀ tí òun lè gbọ́ tí kò ní dun òun. Àgbà tí ó yan ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ní kà á sí ìwọ̀sí. Mo sì ti dẹ́kun pípe Amẹ́ríkà ní ìjókòó àkọ́kọ́. Ọrùn ọwọ́ àti aago ti tó, àfi lọ́dọ̀ ẹni tí dókítà ti sọ pé ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé, tí kò yẹ kí a fi kíkà yẹn ṣe òdiwọ̀n fún.

Nígbà tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, ọmọ àbúrò Màmá kò tíì san owó gàrí mẹ́fà náà, ìlà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ọkọ ti ń tọ́jú owó láti fa omi ẹ̀rọ wọ inú ilé, inú gbogbo wọn sì dùn sí i, àyàfi pé Màmá fà mí sẹ́yìn, ó béèrè ibi tí Ìyàwó yóò máa lọ nígbà náà. N kò tíì rí èsì kan fún un tí Màmá fúnra rẹ̀ fi sọ tirẹ̀. Ó ti fi ẹsẹ̀ ka ọ̀nà láti ilé dé ibi ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo nídìí ọjà. Ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti omi.